Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Gbọ́ Ìtàn Kí Ó Tó Ṣe Ìṣirò

Ẹ̀sùn kan wà tí a ń fi kan àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo àgbègbè tí a ti ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà kò mọ ìṣirò. Wọ́n ní bí a bá kọ 3 + 2 sí pátákó, wọn a dáhùn; ṣùgbọ́n bí a bá fi ìròpọ̀ kan náà sínú ìtàn kúkúrú, wọn a máa wo olùkọ́ lójú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Àwa tí a ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbọ́ ẹ̀sùn yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, a sì ń gbọ́ ọ nínú yàrá àwọn olùkọ́ tiwa pàápàá. A kọ ọ̀rọ̀ yìí láti sọ pé ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà. Àwọn ọmọ náà mọ ìròpọ̀. Ìtàn ni a kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́, tí a sì ń bá wọn wí lẹ́yìn náà pé kò yé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tó rọrùn jù lọ. Olùkọ́ kan dúró níwájú àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ní CI, èyí tí wọ́n ń pè ní CP1 ní Tógò. Ó ní: «Abèkè a trois mangues. Sa mère lui donne encore deux mangues. Combien de mangues a-t-elle en tout?» Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó gbé lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ní láti gbọ́ Faransé, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ó ní láti fi ojú inú rí ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹnì kan ní nǹkan, a tún fún un sí i, nǹkan náà pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ní láti ka máńgòrò. Iṣẹ́ kẹta nìkan ni ìròpọ̀. Bí ọmọ bá ṣubú nídìí iṣẹ́ èkíní, a ó kọ òdo sí i nínú ìwé nídìí iṣẹ́ kẹta.

Ẹ wá sọ ìtàn kan náà fún ọmọ kan náà ní ojúde ilé wọn: «Àbẹ̀kẹ́ ní máńgòrò mẹ́ta, ìyá rẹ̀ tún fún un ní méjì. Mélòó ni gbogbo máńgòrò rẹ̀ báyìí?» Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán ni yóò ti na ìka márùn-ún sí yín. Ọgbọ́n ọmọ náà kò jábọ́ sílẹ̀ láàrin ojúde àti kíláàsì. Èdè ni ó yí padà, a sì ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ kò gbọ́. Ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n tún ìtàn náà sọ ní èdè tí yóò yé e, ọ̀pọ̀ wọn a wá ọ̀nà àbùjá. Wọn a ní: bí ẹ bá ti gbọ́ «en tout», ẹ rò ó pọ̀, bí ẹ bá ti gbọ́ «reste», ẹ yọ ọ́ kúrò, bí ẹ bá ti rí «de plus», ẹ rò ó pọ̀. Ọmọ a há a sórí. Máàkì a dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú òbí a dùn, gbogbo ènìyàn a rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ẹ wo ibi tí ọ̀nà àbùjá náà ń já sí. Ìyá Àlàbá gbé àkàrà lọ sí ọjà. Ó ta mẹ́fà, ó ku mẹ́rin. Àkàrà mélòó ni ó gbé kúrò nílé? Ọ̀rọ̀ «ó kù» wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìròpọ̀ ni ìṣirò náà. Ọmọ tí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tọ́ sọ́nà yóò yọ mẹ́rin kúrò nínú mẹ́fà. Yóò ní àkàrà méjì ni ìyá náà gbé lọ, bí ẹni pé ènìyàn lè gbé àkàrà méjì dé ọjà kí ó sì ta mẹ́fà níbẹ̀. Ẹ tún wo èyí: Bọ́lá ní ọmọ ayò mẹ́jọ, «elle en a trois de plus que Sadé». Mélòó ni ti Ṣadé? Nítorí «de plus», ọmọ a sáré kọ 11, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún ni. Àṣìṣe méjèèjì kò ti inú ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò wá. Ọmọ náà ròó pọ̀ dáadáa, ó sì yọ ọ́ kúrò dáadáa. Ìtàn ni kò gbọ́, nítorí pé a ti kọ́ ọ pé kò ní í fi ìtàn ṣe ohunkóhun.

Èso rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní 6ème. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá a gba ìwé ìṣirò, kò ní kà á tán kí ó tó gbójú sókè bèèrè pé: «Plus ni àbí fois ni?» Kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ wa nìkan ni àìsàn yìí ń ṣe. Ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, ní òpin àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní IREM, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò, gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwọn ọmọ CE1 àti CE2: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀? Nínú ọmọ 97, 76 ni ó fi àwọn nọ́ńbà inú ìtàn náà wá ìdáhùn. Stella Baruk fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀ náà ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ ní 1985, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ka Faransé sì mọ̀ ọ́n dòní. Àwọn ọmọ Grenoble gbọ́ Faransé. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn pé ìtàn inú ìṣirò dà bí ewé tí a fi di ẹ̀kọ: a óò tú u, a óò jù ú nù, nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan ni a óò jẹ. Bí ọmọ tó gbọ́ èdè náà yékéyéké bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a ń retí lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì gbọ́ ọ?

Àrùn méjì ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Èkíní ni pé ọmọ kò gbọ́ èdè tí a fi sọ ìtàn. Èkejì ni pé a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rárá pé kí ó gbọ́ ìtàn. Ẹni tó bá wo èkíní sàn láìwo èkejì yóò kàn gbé ọ̀gá ọkọ̀ Grenoble wá sí Kétu, yóò sì wọ̀ ọ́ ní dàńṣíkí.

Pé bí a ṣe ń sọ ìtàn náà ṣe pàtàkì, Tom Hudson ti fi hàn ní Amẹ́ríkà nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1983. Ó fi àwòrán ẹyẹ àti kòkòrò han àwọn ọmọ kékeré. Nígbà tí ó bi wọ́n pé ẹyẹ fi mélòó pọ̀ ju kòkòrò lọ, 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà ní ọdún tó ṣáájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó gbà á. Nígbà tí ó yí ìbéèrè náà padà pé, bí àwọn ẹyẹ bá sáré lọ mú kòkòrò, ẹyẹ mélòó ni kò ní rí kòkòrò jẹ, àwọn tó gbà á di 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò náà kò yí padà, èdè Gẹ̀ẹ́sì tiwọn náà ni ó fi bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìbéèrè kejì ní ẹyẹ tí ebi ń pa nínú, ọmọ sì mọ ohun tí ebi jẹ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ wa kó bọ̀ láti ilé kí olùkọ́ tó ní kí ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ rán an lọ ra ọsàn márùn-ún, olùtajà fi ẹyọ kan ṣe èènì; kí ó tó délé ó ti mọ̀ pé mẹ́fà ni ó wà nínú igbá. Ó jókòó ti àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò, ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ojú lásán ni ó fi ń wo ilé kan, tí ó sì ti mọ ibi tí ọmọ ayò ìkẹyìn yóò bọ́ sí. Èdè rẹ̀ pàápàá ti ṣe nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ìyá bá pe àwọn ọmọ rẹ̀ pé «Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa bọ̀», èyí tó kéré jù nínú wọn mọ̀ pé kò ku ẹnì kan sẹ́yìn. Ohun tí Faransé fi «en tout» sọ ní ìparí gbólóhùn, inú nọ́ńbà gan-an ni Yorùbá fi í sí: méjì di méjèèjì, mẹ́ta di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ìlú Recife ní Bràsíìlì, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann wo àwọn ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní ìgboro, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1985. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣirò tí wọ́n bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé irú nọ́ńbà kan náà fún wọn bí ìṣirò lásán, tí kò sí ọjà tí kò sí ìtàn nínú rẹ̀, 37 ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n sì fi ìtàn yí i ká, wọ́n gba 74. Kí àwọn tó ń sọ pé ìtàn ni ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ fara balẹ̀ ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ìtàn tí ọmọ gbọ́ yé ń gbé e ga ju nọ́ńbà lásán lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ gbà á, tí olùkọ́ sì fi àmì àṣìṣe sí i. Ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọrún ni àwọn àgbà wa ń pè é, nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ẹ bi ọmọ pé ọjà tó ná lónìí, ọjọ́ mélòó ni yóò fi tún ná; bí ó bá dáhùn pé márùn-ún, ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà ń kà á ni ó gbà kà á. Faransé náà mọ ọ̀nà yìí: ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń pè ní «quinze jours», bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ọ̀sẹ̀ méjì. Olùkọ́ tó bá mọ èdè méjèèjì yóò gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò sì ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn fi di méjì. Èyí tí kò mọ̀ ju ọ̀kan lọ yóò fa ìlà pupa, ọmọ yóò sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé àwọn àgbà ilé rẹ̀ kò mọ ònkà.

A mọ ohun tí wọn yóò fi dá wa lóhùn. Àwọn kan yóò ní Faransé ni ìdánwò CEP, nítorí náà kí ọmọ yáa tètè bẹ̀rẹ̀ ìyà rẹ̀. A kò bá Faransé jà. Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, èdè méjì ni a fi ń kọ ọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn Àbẹ̀kẹ́ ní Yorùbá mọ ohun tí gbólóhùn Faransé fẹ́ sọ kí ó tó gbọ́ ọ, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ Faransé náà. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù tí a ń bà ara wa láti ìgbà náà wá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ Yorùbá kan náà tí kò jìnnà sí wa.

Àwọn mìíràn yóò ní ònkà Yorùbá le, pé dín-dín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìròpọ̀ CI kì í lọ jìnnà, nọ́ńbà kékeré ni ó ń lò. Bí ó bá sì dé mẹ́tàdínlógún, ọmọ tó bá pe orúkọ náà ti sọ pé mẹ́ta ni ó kù kí ó pé ogún. Ìṣirò kan ti wà nínú orúkọ náà. Àwọn tí kò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ pe 97 ní «quatre-vingt-dix-sept», ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rin, mẹ́wàá lórí rẹ̀, méje lórí ìyẹn, kò yẹ kí wọ́n bínú sí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ìdáhùn tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní kíláàsì kún fún onírúurú èdè. Òtítọ́ ni. Ní Àjàṣẹ́, ọmọ Gùn, ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Yorùbá ń jókòó lórí àga kan. Ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ kò ní èdè, eré tí ọmọ méjì bá ṣe níwájú kíláàsì sì yé gbogbo ojú tó ń wò ó. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ èdè kan náà kóra jọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n tún ìtàn náà sọ fún ara wọn. Kò pọn dandan kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọ́dọ̀ rí mọ́ ni kí a fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó ronú ní èdè ìyá rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo àwùjọ ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Òmìnira náà kò parí sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ CI àti CP kò gba owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà lẹ́nu láìsí nọ́ńbà: Àbẹ̀kẹ́ ní máńgòrò, ìyá rẹ̀ tún fún un, ṣé máńgòrò rẹ̀ pọ̀ sí i ni àbí ó dín? Nígbà tí ọmọ bá dáhùn èyí ni kí nọ́ńbà tó wọlé. Kí ọmọ kan tún ìtàn náà sọ, kí òmíràn fi òkúta ṣe é lórí ilẹ̀. Kí ìdáhùn má jẹ́ nọ́ńbà lásán: «mẹ́wàá» kò tó, «àkàrà mẹ́wàá ni ó gbé kúrò nílé» ni ìdáhùn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi ọmọ ní ohun tí kò ní ìdáhùn: bàbá kan ní ewúrẹ́ mẹ́rin àti àgùntàn mẹ́ta, ọmọ ọdún mélòó ni bàbá? Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín ni kí wọ́n yìn. Kí wọ́n kọ 5 + 3, kí ọmọ fúnra rẹ̀ hun ìtàn tó bá a mu. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí gbólóhùn Faransé wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó bá ìtàn tí ọmọ ti mọ̀ nílẹ̀. Olùkọ́ yóò ní ọmọ pọ̀, àkókò kò sí. Ìtàn mẹ́ta tó yé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan sàn ju ogún tí ó dà kọ láti ojú pátákó lọ.

Ọ̀rọ̀ wa tó kẹ́yìn kan ẹgbẹ́ wa. A ń jó, a ń lù, a ń kí oríkì, a ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí a ń fi jó, tí a kò lè fi ka àkàrà mẹ́wàá nínú kíláàsì, a ti sọ ọ́ di aṣọ ọjọ́ ọdún. Kí ó tó di àjọ̀dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kó ìtàn ìṣirò ọgọ́rùn-ún jọ, láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Àjàṣẹ́ àti láti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé, ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kan, kí Faransé wà ní ojú ewé kejì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni ẹ súnmọ́ CI jù lọ nínú gbogbo wa: ẹ ní àbúrò nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní. Nígbà tí àlọ́ bá parí, ẹ sọ ìtàn Ìyá Àlàbá fún wọn, ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá ìròpọ̀ ni tàbí ìyọkúrò. Ẹ bi wọ́n pé àkàrà mélòó ni ó gbé kúrò nílé.